Líìgì Rọ́gíbì Káúńtì Cornwall: Ìbẹ̀rẹ̀, Ìlò àti Ìparẹ́ Rẹ̀

Ìfáárà

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mọ̀ mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Rọ́gíbì, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ láàrin wọn. Eré tí a ń gbé bọ́ọ̀lù onírìísí ẹyin sá ni. Ẹlẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ẹni ni a lè fi ọwọ́ jù ú sí, àwọn alátakò a sì máa fi èjìká gbé ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣánlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni eré yìí pín sí. Àkọ́kọ́ ni ti ẹlẹ́ni-15, tí ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Rugby Football Union (RFU) ń ṣe àkóso rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni ti ẹlẹ́ni-13, tí ó ti inú ìyapa ọdún 1895 jáde. Ti ẹlẹ́ni-15 ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Kí òǹkàwé má baà ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ohun tí a ń pè ní líìgì níhìn-ín ni ìdíje ọlọ́dọọdún tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń bá àwọn yòókù pàdé, tí a ń to àmì wọn sórí àtẹ, tí ẹni tí ó gbégbá orókè ń gòkè sí ìpele tí ó tẹ̀ lé e, tí ẹni tí ó gbẹ̀yìn sì ń já wálẹ̀.

Káúńtì Cornwall wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Káúńtì jẹ́ ìpín ilẹ̀ àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe àkóso, ó sì ní orúkọ, ààlà àti ìgbéraga tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì ti ní tiwọn. Ní 1987, a dá líìgì rọ́gíbì sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké inú káúńtì yìí. Àwọn tí ń ṣe é kò gba owó. Nígbà tí yóò fi di 2022, kò sí líìgì tí ń jẹ́ Cornwall 1 tàbí Cornwall 2 mọ́.

Ìtàn líìgì kékeré bẹ́ẹ̀ lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá kan wà nínú rẹ̀. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn aláṣẹ rọ́gíbì fi kọ̀ pé àwọn kò ní fàyè gba líìgì, nítorí pé líìgì yóò fa owó, owó yóò sì ba eré jẹ́. Nígbà tí líìgì dé nígbẹ̀yìn, owó kọ́ ni ó pa á ní ìpele káúńtì. Ohun tí ó pa á kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣọ́.

Ẹ̀sùn tí a fi kan líìgì

Ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1871 ni a dá RFU sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan tí ń jẹ́ Pall Mall ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí ó pé jọ síbẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá tí wọ́n ti di agbẹjọ́rò, oníṣègùn àti oníṣòwò. Ọ̀sán Sátidé kò ná wọn ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní àríwá, ní Yorkshire àti Lancashire, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ àti àwọn awakùsà ti sọ eré yìí di tiwọn. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé láti rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn.

Ní 1886 ni RFU ṣe òfin pé agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ gba owó. Ní 1892, àwọn ẹgbẹ́ ńlá inú Yorkshire dá ìdíje líìgì ti káúńtì tiwọn sílẹ̀, àwọn ti Lancashire sì ṣe bákan náà. Èyí gan-an ni líìgì káúńtì àkọ́kọ́ nínú rọ́gíbì, àwọn òǹwòran sì ya bò ó. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ará Yorkshire gbé àbá wá sí ìpàdé gbogbogbò RFU pé kí a máa dá owó iṣẹ́ tí agbábọ́ọ̀lù pàdánù padà fún un. Ìbò 282 ni ó tako àbá náà, 136 ni ó gbè é lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn ẹgbẹ́ àríwá pàdé ní George Hotel ní ìlú Huddersfield, wọ́n kọ̀wé fi RFU sílẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ṣílè mẹ́fà lóòjọ́ ni òté owó tí wọ́n fi ọwọ́ sí pé kí a máa fi dí àlàfo iṣẹ́ tí ènìyàn pàdánù. Nítorí ṣílè mẹ́fà ni ilé ṣe pín sí méjì.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ RFU ti so líìgì àti owó pọ̀ nínú ọkàn wọn. Ẹni tí ó bá ti ṣe rọ́gíbì ti àwọn tí ó yapa, yálà ó gba owó tàbí kò gbà á, a ó lé e kúrò nínú ti ẹlẹ́ni-15 títí ayé. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a ó rí i pé wọ́n dá ẹ̀bi fún ẹni tí kò jalè. Kì í ṣe àtẹ tí a ń to àmì sí ni ó fa ìyapa. Iyàn lórí owó iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ni ó fà á, èyí tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí líìgì kò tilẹ̀ sí rárá.

Nítorí ìbẹ̀rù yìí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe láàrin ara wọn láti ìran dé ìran. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan yóò kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kejì, wọn yóò fi ọjọ́ sí i, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ náà kò ní yí padà fún ogún ọdún. Irú ẹni tí ẹgbẹ́ kan ń bá ṣeré ni a fi ń mọ ipò rẹ̀. Ẹgbẹ́ abúlé lè borí gbogbo ẹni tí ó bá pàdé lọ́dún mẹ́ta léraléra, síbẹ̀ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ńlá bá ní àwọn kò ní àyè, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ilẹ̀ Scotland ni ó kọ́kọ́ já ìdè yìí, ní àkókò ìdíje 1973 sí 1974, nígbà tí wọ́n dá líìgì ti orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fà sẹ́yìn. Wọ́n gbà kí ìdíje ife-ẹ̀yẹ ajámọ́ra-ẹni-lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1971 sí 1972, èyí tí Gloucester kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà kí a máa to àwọn ẹgbẹ́ kan sórí àtẹ ní ìbámu pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń borí, níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá ti pè é ní líìgì.

Cornwall ṣáájú 1987

Òkun ni ó yí Cornwall ká ní gbogbo ọ̀nà àfi ọ̀kan ṣoṣo. Ní ọ̀nà kan náà, odò Tamar ni ó pààlà láàrin rẹ̀ àti káúńtì Devon. Ó ní èdè tirẹ̀, Kernewek, tí ó bá èdè àwọn ará Wales àti ti Brittany ní ilẹ̀ Faransé tan. Èdè náà kú lẹ́nu àwọn abínibí rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn olùfẹ́ rẹ̀ sì ń sapá láti jí i dìde. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ ará Cornwall kò fẹ́ kí a pe àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì lásán. Ìwakùsà tánńganran àti bàbà, ẹja pípa, àti wíwa amọ̀ funfun tí a fi ń mọ àwo ni iṣẹ́ wọn láti ìgbà pípẹ́.

Ó yẹ kí a kíyè sí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ìwé ń ṣe ni pé àwọn olówó gúúsù ni ó dì mọ́ eré aláìgbowó, tí àwọn òṣìṣẹ́ àríwá sì fẹ́ owó. Cornwall kò bá àlàyé yìí mu. Awakùsà ni ó ń ṣe rọ́gíbì ní Camborne àti Redruth, iṣẹ́ wọn kò sì rọrùn ju ti ará Yorkshire lọ, síbẹ̀ wọn kò bá ẹnikẹ́ni yapa ní 1895. Ọ̀nà jìn sí àríwá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ borí kò jìnnà sí wọn. Máìlì mélòó kan péré ni ó wà láàrin Camborne àti Redruth, ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni àwọn méjèèjì sì sọ di ọjọ́ ìjà wọn. A dá ẹgbẹ́ Redruth sílẹ̀ ní 1875, ti Camborne ní 1878. Ti Penryn, tí ó ṣáájú wọn, jẹ́ ti 1872. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba èrò láti inú ìlú tirẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà sì ń wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni rìnrìn àjò ọjọ́ kan gbáko.

Ẹgbẹ́ tí ó da gbogbo wọn pọ̀ ni ti káúńtì, tí ń wọ aṣọ dúdú àti àwọ̀ wúrà. Ìdíje láàrin àwọn káúńtì bẹ̀rẹ̀ ní 1889, ọdún 1908 sì ni Cornwall kọ́kọ́ gbà á, nígbà tí wọ́n lu Durham ní àmì 17 sí 3 lórí pápá Redruth. Nítorí pé wọ́n borí ni a fi yàn wọ́n láti ṣojú Great Britain nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ méjì péré ni ó wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, Australia lù wọ́n ní 32 sí 3, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n pàdánù.

Ọ̀kan nínú wọn ni Bert Solomon, ará Redruth. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1910, ó ṣeré fún England pẹ̀lú Wales ní pápá Twickenham, níbi tí a ti ń ṣe ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà Wales, England sì borí ní 11 sí 6. Wọ́n tún pè é, ó ní òun kò wá mọ́. Ó padà sí Redruth. Àwọn olùtọ́jú ìtàn Cornwall fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: ọkùnrin náà kò kọ eré, ẹni tí ó ń ránṣẹ́ pè é ni ó kọ̀.

Àkàbà tí a gbé kalẹ̀ ní 1987

Ní àárín ọdún 1987 ni a ṣe ìdíje ife àgbáyé rọ́gíbì àkọ́kọ́ ní New Zealand àti Australia. Wales lé England jáde ní ìpele ẹlẹ́ni-mẹ́jọ, ní 16 sí 3. Ṣáájú ìgbà náà ni RFU ti gbà pé eré ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kò lè mú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè le tó. Ní apá ìparí ọdún kan náà, líìgì bẹ̀rẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Courage, ilé-iṣẹ́ apọntí, ni ó sì ń náwó sí i. Ẹgbẹ́ tí ó wọ inú rẹ̀ lé ní 1,000. Leicester ni ó gba ipò kìn-ín-ní lókè pátápátá ní ọdún àkọ́kọ́.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ètò náà kì í ṣe orí rẹ̀ bí kò ṣe ìdí rẹ̀. Àkàbà kan ṣoṣo ni, tí ó ti abúlé dé Twickenham. Ẹgbẹ́ tí ó bá wà ní Cornwall 2 lè gòkè sí Cornwall 1. Láti ibẹ̀, yóò bọ́ sí líìgì tí Cornwall àti Devon jọ ní. Lẹ́yìn náà Western Counties, lẹ́yìn náà àwọn ìpele South West, kí ó tó kan ti orílẹ̀-èdè.  Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹgbẹ́ méjì ń pàdé lọ́dún, nítorí náà ẹni tí ó bá ní oríire pápá tirẹ̀ ní ọjọ́ tí ó le ti jẹ èrè kan ṣáájú.

Camborne ti wà lókè nígbà tí a ń to àwọn ẹgbẹ́, ní ìpele ẹkùn gúúsù ti orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n àwọn tí líìgì káúńtì jẹ́ tiwọn gan-an ni àwọn bíi St Just, tí kò jìnnà sí Land's End níbi tí ilẹ̀ ti parí. Illogan Park, Lanner àti Stithians ní agbègbè ìwakùsà. Perranporth àti St Agnes ní etí òkun. Roseland, Helston, Bodmin. Lójú àwọn wọ̀nyí, àtẹ tí ìwé ìròyìn ń tẹ̀ jáde jẹ́ ìdájọ́ tí wọn kò rí rí. Agbára bọ́ kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé tí ń kọ lẹ́tà. Ẹni tí ó borí gòkè, bí ẹni tí ó wà lókè fẹ́ bí ó kọ̀. Ó ṣòro fún ẹni tí ó bá ń ṣọ̀fọ̀ ayé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ láti sẹ́ pé ìdájọ́ òdodo wà nínú èyí.

Ta ni ó ń ru ẹrù rẹ̀? Àwọn aláìgbowó ni, lórí pápá àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ní láti fi ẹfun fa ìlà pápá ní àárọ̀ Sátidé. Ẹnì kan ní láti fọ aṣọ 15 tí ẹrẹ̀ ti kún. Akápò ní láti ṣírò ohun tí wọ́n tà níbi ọtí, nítorí owó ọtí ni ó ń san owó iná. Ìṣe wọn ni pé ẹni tí ó gbàlejò ni yóò bọ́ àlejò rẹ̀ lẹ́yìn eré. Ní Cornwall, oúnjẹ náà sábà máa ń jẹ́ pásítì, ìyẹ̀fun tí a dì mọ́ ẹran àti ọ̀dùnkún, tí àwọn awakùsà ayé àtijọ́ máa ń gbé lọ sínú ihò. Bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá ti rẹ̀, kò sí ẹni tí a lè fi owó gbà rọ́pò wọn.

Ọjọ́ tí Cornwall tú jáde

Ohun ìyanu kan ni pé ọjọ́ tí rọ́gíbì Cornwall gbayì jù lọ ní ayé líìgì kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú líìgì. Ẹgbẹ́ káúńtì dé àṣekágbá ìdíje káúńtì ní 1989, Durham sì lù wọ́n. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1991, wọ́n tún padà sí Twickenham láti pàdé Yorkshire. Nǹkan bí 40,000 ará Cornwall ni ó bá wọn lọ, nínú bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ìlú kan dá páropáro ní ọjọ́ náà. Yorkshire ti gba iwájú ní 16 sí 3. Cornwall bá wọn dọ́gba kí àkókò tó pé, wọ́n sì borí ní 29 sí 20 nínú àfikún àkókò. Ọdún 83 ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti lu Durham ní Redruth. Wọ́n tún gbà á ní 1999.

Ṣùgbọ́n líìgì náà ni ó ń jẹ ẹgbẹ́ káúńtì yìí díẹ̀díẹ̀. Láyé ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, bí káúńtì bá pe ẹni mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà yóò sún eré tirẹ̀ síwájú, ìlú yóò sì lọ wo káúńtì. Nígbà tí ìgbéga àti ìjábọ̀ wọlé, kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí yóò fi ọkàn rere yọ̀ǹda ẹni mẹ́rin. Àkàbà gbé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ga, ó sì dín ohun tí gbogbo wọn jọ ní kù.

Ọ̀nà mìíràn sì tún wà sí òkè tí kò gba orí àkàbà yìí kọjá rárá, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó gbà á. Ní òdì kejì odò Tamar, nínú Devon, ni ilé-ẹ̀kọ́ Kelly College wà ní Tavistock, níbi tí Adedayo Adebayo, tí a bí ní Ìbàdàn ní 1970, ti kàwé. Victor Ubogu, tí a bí ní Èkó, àti Steve Ojomoh, tí a bí ní ìlú Benin, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ West Buckland ní àríwá Devon kan náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeré fún Bath àti fún England ní àwọn ọdún 1990. Adebayo wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-méje England tí ó gba ife àgbáyé ní 1993, Andrew Harriman, tí a bí ní Nàìjíríà, ni olórí wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ àdáni ni ó gbé àwọn wọ̀nyí wá sí ojútáyé, kì í ṣe líìgì káúńtì. Ọmọ awẹ́ja ní St Just kò ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àkàbà 1987 nìkan ni tirẹ̀.

Nígbà tí owó dé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, ní Paris, àjọ rọ́gíbì àgbáyé kéde pé sísan owó fún agbábọ́ọ̀lù kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ni láti ìpàdé Huddersfield. Ohun tí a ń bẹ̀rù dé, ṣùgbọ́n kò ti inú líìgì abúlé wá. Láti òkè ni ó ti ṣàn wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ń du àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè.

Ní Cornwall, ẹgbẹ́ Penzance àti Newlyn, tí a dá sílẹ̀ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, gòkè títí dé ìpele kejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba orúkọ Cornish Pirates. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ń gba owó oṣù ni ó wà níbẹ̀. Àlàfo láàrin rẹ̀ àti Cornwall 2 wá fẹ̀ débi pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àkàbà ṣì wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá àárín rẹ̀ ti jìnnà sí ara wọn.

Ẹnì kan gbìyànjú láti gùn ún síbẹ̀síbẹ̀. Ní 1999 ni a dá ẹgbẹ́ Mounts Bay sílẹ̀ ní Penzance. Láàrin ọdún díẹ̀ ó fò láti ìdí àkàbà lọ sí ìpele orílẹ̀-èdè, ní 2007 ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ alábọ́ọ́dé ní Twickenham. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ó fi kógbá wọlé. Ìtàn rẹ̀ nìkan ni ó sún mọ́ ohun tí àwọn alàgbà RFU ti ń sọ tẹ́lẹ̀ láti 1895, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra kí a má fi ẹgbẹ́ kan ṣe ìdájọ́ gbogbo líìgì. Àwọn tí ó kù ní Cornwall 1 kò fò, wọn kò sì já. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàrin ìpele méjì tàbí mẹ́ta, ọdún dé ọdún. Ilé-iṣẹ́ apọntí ti St Austell, inú Cornwall náà, ni ó wá ń náwó sí líìgì wọn nígbà tí ó yá, lábẹ́ orúkọ bíà rẹ̀ tí ń jẹ́ Tribute, bíà tí a kọ́kọ́ pọn fún ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ ní 1999. Líìgì tí a fi bíà bẹ̀rẹ̀, bíà náà ni ó gbé e dé òpin.

Bí ó ṣe ń gbẹ

Ní oṣù kẹta ọdún 1998 ni ihò ìwakùsà South Crofty, tí ó kù ṣoṣo láàrin Camborne àti Redruth, ti ilẹ̀kùn. Òun ni ibi ìwakùsà tánńganran tí ó kẹ́yìn ní Cornwall. Ìrìn-àjò afẹ́ ni ó gba ipò rẹ̀ nínú ọrọ̀ ajé. Iṣẹ́ ilé ìtura àti ti ilé ìtajà kò mọ Sátidé yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn, nítorí náà ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tún padà sí ibi tí òṣìṣẹ́ Yorkshire wà ní 1893: eré tàbí owó ọjọ́. Àwọn olówó láti ìta sì ń ra ilé etí òkun fún ìsinmi wọn, iye ilé ń ga ju owó oṣù lọ, àwọn ọmọ ìlú sì ń kó lọ síbi tí wọ́n ti lè rí ibùgbé. Abúlé tí ilé rẹ̀ ṣófo ní ìgbà òtútù kò lè rí ẹni 15 fún rọ́gíbì, torí ìgbà òtútù gan-an ni a ń ṣe é.

Iye ènìyàn nìkan kọ́ ni ìṣòro. Nínú eré yìí, àwọn mẹ́jọ-mẹ́jọ láti ẹgbẹ́ méjèèjì a máa tẹ̀ba, wọn a kó èjìká pọ̀, wọn a sì máa ti ara wọn kí bọ́ọ̀lù lè jáde. Ọrùn àwọn mẹ́ta tí ó wà níwájú ni gbogbo ìwúwo náà ń wá sí. Òfin kò gbà kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ibẹ̀ dúró síbẹ̀, nítorí pé ọrùn rẹ̀ lè ṣẹ́. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó ní ogún ọkùnrin lè má ní ẹgbẹ́ gidi, bí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò bá pé. Bí ọ̀kan ń ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí èkejì wà níbi iṣẹ́, akọ̀wé yóò tẹ ẹgbẹ́ kejì láago ní alẹ́ Jímọ̀ọ́ pé àwọn kò lè wá. Ẹgbẹ́ tí ó ti fi ẹfun fa ìlà, tí ó ti ra ẹran pásítì, yóò gba àmì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ohun tí ń pa líìgì bí àmì ọ̀fẹ́.

Láti ìsàlẹ̀ ni gbígbẹ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó máa ń kó agbo mẹ́ta jáde ní Sátidé bọ́ sí méjì, lẹ́yìn náà sí ọ̀kan. Agbo kẹta ni ibi tí ọmọ ọdún 18 àti bàbá ẹni 40 ọdún ti ń ṣeré pọ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tí yóò di alága àti akápò lọ́la ti ń dúró sínú ẹgbẹ́. Kò sí àtẹ tí a to ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sí, nítorí náà kò sí aláṣẹ tí ó rí i nígbà tí wọ́n parẹ́. Àṣìṣe àkàbà 1987 wà níhìn-ín, bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀: ó kọ́ gbogbo ènìyàn láti máa wo òkè.

Ọ̀nà jíjìn tún wà níbẹ̀. Láti Bude ní àríwá káúńtì dé Penzance, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 máìlì lójú ọ̀nà, èyí kò sì tíì kúrò nínú Cornwall. Ẹgbẹ́ tí ó bá gòkè sí líìgì tí ó kan Devon yóò máa lo Sátidé láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di òru. Àwọn kan gòkè, wọ́n sì kábàámọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dá gbogbo ìdíje dúró, a kò sì ṣe líìgì rárá ní àkókò ìdíje 2020 sí 2021. Àwọn ọkùnrin tí ó ti ń fi ìrora orúnkún tẹ̀ síwájú lọ́dọọdún rí Sátidé tí kò ní eré, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà. RFU tún gbogbo àkàbà tò ní 2022. Wọ́n ní kí ìrìn-àjò dín kù, kí iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ inú ọdún dín kù, kí a lè dá àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró. Ìpinnu tí ó mọ́gbọ́n dání ni, ìbá dára bí ó bá ti dé ní ogún ọdún sẹ́yìn. Àwọn ìpele tuntun ìsàlẹ̀ gba orúkọ kan náà jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Counties 1, Counties 2, Counties 3, bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú orúkọ ẹkùn lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí ni orúkọ àtijọ́ kúrò nínú ìwé, láìsí àṣekágbá àti láìsí ìpàdé ìdágbére. St Just, Helston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba nọ́ḿbà tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni mẹ́ta tí yóò dúró níwájú ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án.